Láti Tunis dé Redeyef: ọ̀nà tí owó kò gbà

Ọjọ́ Ajé, 4 oṣù Bélú 2024. Tunis

Búrẹ́dì gígùn kan ní Tunis, olú ìlú Tùnísíà, mílíìmù 190 ni. Ẹgbẹ̀rún mílíìmù ló ń jẹ́ dínà kan, nǹkan bíi dínà mẹ́ta ló sì wà nínú dọ́là kan, nítorí náà dọ́là kan péré á ra búrẹ́dì tí agbo ilé ńlá kan ò ní jẹ tán láàárọ̀. Ìjọba ló ń san ìyókù owó náà fún àwọn oníbúrẹ́dì. Ní ìparí 1983, ìjọba Ààrẹ Habib Bourguiba gbé iye búrẹ́dì kúrò ní mílíìmù 80, wọ́n sọ ọ́ di 170. Ìlú gbaná láti gúúsù dé Tunis, àwọn ṣọ́jà yìnbọn, ẹ̀mí ṣòfò. Nígbà tó di ọjọ́ 6 oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1984, Bourguiba fúnra rẹ̀ kéde pé kí iye búrẹ́dì padà sí bó ṣe wà. Láti ìgbà náà, ìjọba yòówù tó bá dé, ẹ̀sọ̀ ló ń fi rìn nídìí ọ̀rọ̀ búrẹ́dì.

Mo tò sórí ìlà bíi ti gbogbo èèyàn. Ìyá àgbàlagbà kan tó wà níwájú mi, tó gbọ́ Faransé, ní ìlà tòní kéré. Ó ní ní 2023, ilẹ̀ kì í tíì mọ́ tí àwọn á ti dé ibẹ̀, búrẹ́dì á sì tún tán kó tó kàn wọ́n. Ó bi mí bóyá ìjọba tiwa náà ń bá wa san owó búrẹ́dì. Mo ní rárá, epo mọ́tò ni wọ́n ń san owó ìrànwọ́ lé lórí, ọjọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n sì fòpin sí i ní oṣù Èbìbí 2023. Ó ní kí ni aráàlú wá ṣe? Mo ní a fara mọ́ ọn fún ọdún kan gbáko kí àwọn ọ̀dọ́ tó jáde sójú títì ní oṣù Ògún, pé lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá yìí gan-an ni wọ́n kó àwọn kan nínú wọn dé ilé ẹjọ́ ní Abuja, tí ọmọdé wà láàárín wọn. Ìyá náà di apá mi mú, kò sọ nǹkan kan mọ́ títí tó fi kàn án.

Lọ́sàn-án mo rin òpópónà Habib Bourguiba já. Níbi tí aago gíga wà, orúkọ ojúde náà tẹ́lẹ̀ ni Ojúde Ọjọ́ Keje Oṣù Kọkànlá, ọjọ́ tí Zine El Abidine Ben Ali gba ìjọba lọ́wọ́ Bourguiba ní 1987. Wọ́n ti fi ọjọ́ 14 oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2011 pè é báyìí, ọjọ́ tí Ben Ali fúnra rẹ̀ sá wọ bàálù lọ sí Saudi Arabia, lẹ́yìn tí èrò kún òpópónà yìí kan náà, níwájú iléeṣẹ́ ìjọba tó ń darí ọlọ́pàá. Ẹ má ya fọ́tò iléeṣẹ́ yẹn o.

Nínú ìlú àtijọ́, ẹ wá ọjà Souk el Berka. Àwọn oníwúrà ló wà níbẹ̀ báyìí. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ta ẹrú láyé ọjọ́un, àwọn èèyàn dúdú tí wọ́n dà kọjá aginjù Sàhárà, kí Ahmed Bey, ọba Tunis, tó fòfin de ìkónilẹ́rú ní 1846, ọdún méjì ṣáájú kí Faransé tó ṣe tirẹ̀. Mo dúró láàárín ọjà náà pẹ́. Ó ṣòro fún mi láti wo wúrà.

Fún ẹni tó bá ń bọ̀: ẹ má fi ọ̀rọ̀ òṣèlú bẹ̀rẹ̀. Òfin kan tí Ààrẹ Kais Saied gbé jáde ní oṣù Ọwẹ́wẹ̀ 2022, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Òfin 54, lè sọ ẹni sẹ́wọ̀n ọdún márùn-ún lórí ìròyìn tí wọ́n bá pè ní irọ́. Akọ̀ròyìn ti tìtorí rẹ̀ wẹ̀wọ̀n, agbẹjọ́rò náà ti tìtorí rẹ̀ wẹ̀wọ̀n. Ẹ jẹ́ kí onílùú fúnra rẹ̀ dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Èmi náà kò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni tó bá mi sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5 oṣù Bélú. Kairouan

Louage ni ọkọ̀ tí aráàlú ń wọ̀ láti ìlú dé ìlú. Funfun ni, èrò mẹ́jọ ló ń gbé. Èyí tó ní ìlà pupa lára ló ń lọ ọ̀nà jíjìn, ti ìlà búlúù kì í jìnnà, ti ìlà yẹ́lò ń lọ sí ìgbèríko. Kò ní aago tó fi ń gbéra, ó dìgbà tó bá kún. Ọkọ̀ gúúsù wà ní ibùdókọ̀ Moncef Bey. Iye owó kò ṣeé ná, mo san dínà mẹ́tàlá àti díẹ̀ dé Kairouan. Ẹ mú owó kéékèèké dání.

Títí dé Enfidha, ọ̀nà márosẹ̀ là ń gbà, ó tẹ́jú, ó mọ́, òtẹ́ẹ̀lì àti iléeṣẹ́ sì wà ní apá ọ̀tún àti òsì. Òfin kan tí wọ́n ṣe ní 1972 ló fa àwọn iléeṣẹ́ yẹn wá. Ó yọ owó orí kúrò lọ́rùn ẹni tó bá ń rán ọjà sí òkèèrè, àwọn iléeṣẹ́ aṣọ àti bàtà sì jókòó sẹ́bàá èbúté nítorí ibẹ̀ ló rọrùn fún wọn. Àwọn òyìnbó tó ń wá gbafẹ́ náà, omi òkun ló gbé wọn wá. Bí a ṣe yà kúrò lójú márosẹ̀ tí a kọjú sí ìwọ̀-oòrùn, ọ̀nà fún, iléeṣẹ́ tán, ó ku igi ólífì àti ilẹ̀ gbalasa. Ṣe ni ojú mi ń rí ìtàn orílẹ̀-èdè náà láti ojú fèrèsé ọkọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó sọ ọ́ fún mi.

Mọ́ṣáláṣí ńlá Kairouan, tí ọ̀gágun Lárúbáwá Uqba ibn Nafi dá sílẹ̀ ní 670, tó gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ nípa rẹ̀. Ẹ jẹ makroudh, àkàrà dídùn tí wọ́n fi sẹ̀mólínà àti dàbínù ṣe, tí wọ́n dín tán kí wọ́n tó rì í sínú oyin. Ẹ rà á lọ́wọ́ ẹni tó ń dín in lójú yín.

Ọjọ́rú, 6 oṣù Bélú. Sidi Bouzid

Ibí ni mo torí rẹ̀ kúrò nílé. Louage láti Kairouan gba dínà mẹ́sàn-án, ìdúró kí ọkọ̀ kún sì gùn ju ìrìn-àjò náà fúnra rẹ̀ lọ.

Ìlú tí kò ga ni, ilé sìmẹ́ǹtì olókè kan tàbí méjì, eruku, ṣọ́ọ̀bù alágbẹ̀dẹ ọkọ̀. Ní àárín ìlú ni ère ọmọlanke kan wà, tí wọ́n fi òkúta gbẹ́. Àwòrán gàgàrà Mohamed Bouazizi wà lára ilé ìfìwéránṣẹ́, níwájú rẹ̀. Ọmọ ọdún 26 ni, èso ló ń tà lórí ọmọlanke. Ní ọjọ́ 17 oṣù Ọ̀pẹ 2010, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìlú gba òṣùwọ̀n rẹ̀. Ó lọ sí ọ́fíìsì gómìnà láti fẹjọ́ sùn, kò rí ẹni dá a lóhùn. Ó da epo sára níwájú ẹnubodè, ó ṣáná sí i. Ó kú ní ọjọ́ 4 oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2011. Ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn náà ni Ben Ali sá, kí oṣù Èrèlé tó dé ìdajì Hosni Mubarak ti kúrò lórí oyè ní Íjíbítì, iná náà sì ràn dé Líbíà, Yemen àti Síríà.

Mo lọ sọ́jà. Bàbá kan tó ń ta ata àti tòmátì rí i pé mò ń wo òṣùwọ̀n rẹ̀, ó gbé e fún mi kí n dì í mú. Abọ́ irin méjì ni, ọ̀pá kan láàárín tó ti tẹ̀ díẹ̀, òkúta ìwọ̀n kílò kan tí ọwọ́ ti mú dán. Wáyà bàbà ló fi so etí abọ́ kan níbi tó ti já. Ó ní tí wọ́n bá kó ata òun lọ, òun á tún gba ata àwìn lọ́la. Tí wọ́n bá gba òṣùwọ̀n, ọjà tán. Ìyá mi tajà rí. Mo mọ bó ṣe ń rí lára kí àwọn tí ìjọba rán kó igbá èèyàn lọ láàárọ̀, kí onígbá máa tẹ̀lé wọn lẹ́yìn, kó máa bẹ̀bẹ̀ lójú àwọn oníbàárà rẹ̀.

Ẹ̀fọ́ àti èso tí ìpínlẹ̀ yìí ń gbìn pọ̀ gan-an, kànga jíjìn ni wọ́n fi ń bomi rin ín, a sì máa rí ọkọ̀ tó ń kó o lọ sí etíkun lójoojúmọ́. Ibi tí wọ́n ti ń fi ìrè yẹn ṣe nǹkan mìíràn kò sí níbí. Ọmọbìnrin kan tó jókòó sídìí tíì pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ fún mi pé òun ti gba oyè yunifásítì láti 2016. Oko ólífì ló ti ń bọ̀ lọ́jọ́ náà. Ó ní ẹ̀yìn ọkọ̀ akẹ́rù ni wọ́n ń kó àwọn sí lóròòwúrọ̀, ní ìdúró, obìnrin bí ogún. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ló dojú dé ní Sabbala, nínú ìpínlẹ̀ yìí, ní oṣù Igbe 2019, tó pa èèyàn tó lé ní mẹ́wàá.

Ó ní: "Iṣẹ́, òmìnira, iyì. Ohun tí a pariwo nìyẹn. Wọ́n fún wa ní ọ̀kan nínú mẹ́ta, ọwọ́ wa ni wọ́n sì ti tún gbà á padà." Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wo ẹ̀yìn, ó yí ọ̀rọ̀ padà sórí bọ́ọ̀lù.

Ohun tí mo rò nìyí, mo sì rò ó dáadáa lálẹ́ yẹn. Lẹ́yìn tí Ben Ali lọ, Báǹkì Àgbáyé wo ìwé àwọn iléeṣẹ́ bíi 220 tó jẹ́ ti ẹbí rẹ̀, wọ́n rí i pé ìdá 21 nínú 100 èrè gbogbo iléeṣẹ́ aládàáni ló ń bọ́ sí wọn lápò. Ẹbí yẹn lọ, àmọ́ òfin tó dáàbò bo àwọn ńlá kò bá wọn lọ, ọ̀nà márosẹ̀ kò yà sí àárín ìlú, báǹkì kò yá olùtajà ní owó. Àwọn olóṣèlú fi ọdún mẹ́ta jà lórí ìwé òfin, wọ́n sì ṣe èyí tó dára ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2014. Ìjọba kan ń rọ́pò òmíràn, àwọn olórí ìjọba ń pààrọ̀ bí ẹni ń pààrọ̀ aṣọ. Ata Sidi Bouzid ń bá ọ̀nà etíkun lọ. Nítorí ìdí èyí ni inú èèyàn fi dùn, tí wọ́n jó lójú títì, lálẹ́ ọjọ́ 25 oṣù Agẹmọ 2021 tí Saied lé olórí ìjọba, tó sì ti ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin pa. N kò lè bá wọn jó, ṣùgbọ́n n kò lè bú wọn.

Ọjọ́bọ̀, 7 oṣù Bélú. Gafsa

Lablabi ni mo fi ṣínu: búrẹ́dì àná tí wọ́n fà ya sínú àwo, omi ẹ̀wà ṣíkípíì gbígbóná lórí rẹ̀, kúmínì, òróró ólífì, ata harissa. Dínà mẹ́rin. Ó mú mi yó títí di ìrọ̀lẹ́.

Bàbá kan lẹ́bàá àwọn adágún omi tí àwọn ará Róòmù kọ́ rán mi létí pé ọjọ́ keje oṣù Kọkànlá lòní. Ó ní láyé Ben Ali, àsíá á ti kún gbogbo ìgboro. Mo béèrè bóyá ó wù ú kó padà. Ó dárúkọ iye ẹran nígbà náà, ó dárúkọ iye ẹran nísinsìnyí, ó dákẹ́.

Ọjọ́ Ẹtì, 8 oṣù Bélú. Redeyef

Láti Gafsa dé Metlaoui, lẹ́yìn náà Redeyef, ìhà ààlà Algeria. Òkè pupa, lẹ́yìn náà òkè eérú tí kì í ṣe òkè: pàǹtírí ibi ìwakùsà ni. Fọ́sífeeti ló wà nínú ilẹ̀ ibí, òkúta tí wọ́n ń lọ̀ ṣe ajílẹ̀. Ọkùnrin Faransé kan, Philippe Thomas, rí i ní 1885, iléeṣẹ́ ìwakùsà Gafsa sì bẹ̀rẹ̀ ní 1897. Reluwé ni wọ́n kọ́ láti máa gbé e lọ sí etíkun. Omi ni wọ́n fi ń fọ òkúta náà, nínú ilẹ̀ tí omi ti ṣọ̀wọ́n. Ní ilé tí mo sùn sí, ọjọ́ mélòó kan lọ́sẹ̀ ni omi ẹ̀rọ ń wá, kẹ́ẹ̀gì sì tò láti ẹnu ọ̀nà dé ilé ìdáná.

Ní 1980, iléeṣẹ́ yìí ní òṣìṣẹ́ bíi 14,000. Ẹ̀rọ dé, àwọn ayánilówó àgbáyé ní kí wọ́n dín èèyàn kù, ó wá kù bíi 5,000. Nígbà tí wọ́n gbé orúkọ àwọn tí wọ́n fẹ́ gbà jáde ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2008, àwọn ará Redeyef rí i pé ojúsàájú ló wà níbẹ̀. Opó àwọn awakùsà jókòó sójú ọ̀nà reluwé, àwọn olùkọ́ bíi Adnane Hajji darí wọn, ìjà náà sì gba oṣù mẹ́fà. Ọlọ́pàá yìnbọn, wọ́n kó àwọn olórí wọn sẹ́wọ̀n. Ìwé ìròyìn tó wà lábẹ́ ìjọba kò kọ ọ́. Bí ẹ bá gbọ́ tí wọ́n ń sọ pé ní Sidi Bouzid ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, ẹ wá bi àwọn ará Redeyef. Wọ́n á fi ibi tí ìbọn ti bà hàn yín.

Kò sí ẹni tó sọ fún mi pé lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, louage kì í sí mọ́ ní Redeyef. Mo dúró ní ibùdókọ̀ títí òòrùn fi wọ̀, èmi nìkan pẹ̀lú ajá kan. Olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì kọjá lẹ́ẹ̀mejì, nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta ó gba báàgì lọ́wọ́ mi láì béèrè. Ìyàwó rẹ̀ ti se kúskúsù pẹ̀lú ẹran àgùntàn àti ẹlẹ́gẹ́dẹ́. Abọ́ kan náà la jọ jẹ ẹ́, ẹran sì ń fò wá sí iwájú mi. Ó ní àwọn ọmọkùnrin òun méjèèjì ti gba erékùṣù Lampedusa lọ sí Ítálì, ọ̀kan ń ṣiṣẹ́ ní oko àjàrà. Mo bi í pé ta ló dìbò fún ní oṣù tó kọjá. Ó ní òun kò lọ. Ìdá 29 nínú 100 kò pé tó jáde dìbò ní ọjọ́ 6 oṣù Ọ̀wàrà, Saied sì gba ju 90 nínú 100 lọ nínú rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn méjì tó bá a du ipò náà, Ayachi Zammel, inú ẹ̀wọ̀n ló wà. Bàbá yìí, tó fi gbogbo ìgbà èwe rẹ̀ bèèrè fún ìbò tó mọ́, jókòó sílé rẹ̀ lọ́jọ́ ìbò. N kò rí ohun tó bà mí lọ́kàn jẹ́ tó bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ìrìn-àjò náà.

Ẹ má lọ sí Redeyef lọ́jọ́ Jímọ̀ láìní ibi tí ẹ máa sùn sí. Tí ẹnikẹ́ni bá sì gbà yín sílé, ẹ má fún un lówó, yóò bí i nínú. Ẹ ra èso wọlé fún ìyàwó rẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9 oṣù Bélú. Sfax

Gafsa sí Sfax, bíi dínà mẹ́rìndínlógún. Ìgbà ìkórè ólífì ni, gbogbo ẹ̀bá ọ̀nà kún fún àkàbà àti aṣọ títẹ́ lábẹ́ igi. Sfax ni ìlú òwò. Ibẹ̀ náà ni ojú ti máa ń wo èèyàn dúdú jù.

Ní oṣù Èrèlé 2023, Saied sọ pé àwọn èèyàn dúdú tó ń wọlé wá wà lára ètò láti yí ìran Tùnísíà padà. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, onílé ń lé ayálégbé jáde, wọ́n ń lù wọ́n nígboro, Guinea àti Ivory Coast sì gbé bàálù wá kó ọmọ wọn. Ní oṣù Agẹmọ ọdún kan náà, wọ́n kó ọgọ́rọ̀ọ̀rún láti Sfax lọ jù sí aginjù ní ààlà Líbíà, bẹ́ẹ̀ ní oṣù yẹn gan-an ni Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù bọwọ́ lùwé pẹ̀lú Tùnísíà láti fún un lówó kí ó dí ojú omi. Nígbà tí ìjọba kò rí iṣẹ́ fún àwọn ọmọ Sidi Bouzid, ó rí àlejò tí wọ́n lè dá lẹ́bi. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ nítorí bí mo ṣe gbà á gbọ́ nìyẹn.

Lẹ́bàá ibùdókọ̀, àwọn ọkùnrin méjì tí kò wọ aṣọ iṣẹ́ dá mi dúró, wọ́n gba ìwé ìrìnnà mi, wọ́n pẹ́ lórí rẹ̀, ọ̀kan ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ẹ̀rù bà mí. Obìnrin tó ń ta fricassé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa fi ọ̀bẹ sílẹ̀, ó wá dúró tì mí. N kò gbọ́ gbogbo ohun tó ń sọ, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ń ga sí i. Wọ́n dá ìwé náà padà. Ó fi ẹja túnà, ẹyin àti harissa kún inú búrẹ́dì dídín kan fún mi, ó kọ̀ owó. Lẹ́yìn náà ó fi ìka tọ́ka sí awọ ara rẹ̀, ó tọ́ka sí tèmi, ó gbọn orí tìbínútìbínú.

Ẹni dúdú tó bá ń lọ: ẹ máa mú ìwé ìrìnnà gan-an dání, kì í ṣe ẹ̀dà rẹ̀, kí òǹtẹ̀ ìwọlé hàn. Ẹ kọ orúkọ ilé tí ẹ sùn sí sórí ìwé. Ẹ má rìn ní alẹ́ ní Sfax láìjẹ́ pé ẹ bá onílùú rìn. Gbogbo ibòmíràn tí mo dé, inú rere ni mo bá pàdé.

Ọjọ́ Àìkú, 10 oṣù Bélú. Tunis

Mo fẹ́ rí ojúde Mohamed Ali, níwájú olú iléeṣẹ́ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ UGTT, tí Farhat Hached àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá sílẹ̀ ní 1946. Wọ́n pa Hached ní 1952, ìjà òmìnira sì gbóná sí i. Ẹgbẹ́ yìí àti àwọn mẹ́ta mìíràn, ti àwọn agbanisíṣẹ́, ti àwọn agbẹjọ́rò àti ti ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, ló jókòó laja láàárín àwọn olóṣèlú ní 2013 tí ogun abẹ́lé ì bá fi ṣẹlẹ̀, wọ́n sì gba ẹ̀bùn Nobel fún àlàáfíà ní 2015. Ọjọ́ Àìkú ni, ilẹ̀kùn tì, ológbò méjì ń yá oòrùn lórí àtẹ̀gùn. Ọkùnrin kan tó ń gbá ojúde sọ fún mi pé kí n padà wá lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń wọ́de, pé wọn ò tíì ṣíwọ́.

Fún ẹni tó bá fẹ́ tọ ọ̀nà yìí: ọjọ́ 17 oṣù Ọ̀pẹ ni kí ẹ fi sí Sidi Bouzid tí ẹ bá lè ṣe é. Saied fúnra rẹ̀ sọ ọjọ́ náà di ìsinmi ìjọba ní 2021 dípò ọjọ́ 14 oṣù Ṣẹ́rẹ́, àwọn ará ìlú náà sì máa ń jáde. Ẹ fún Redeyef ní ọjọ́ méjì ó kéré tán. Ẹ ná gbogbo dínà yín tán kí ẹ tó dé pápákọ̀ òfurufú, nítorí òfin kò gbà kí ẹ mú un jáde kúrò nílùú. Tèmi tó kù, òróró ólífì Sfax ni mo fi rà.